Ìpè Kẹta Nọ́ńbà Ogójì

Ẹni tó bá sọ pé òru nìkan ni ibi ń rìn, onítọ̀hún kò gbé báráàkì ọlọ́pàá rí. Ibi tí à ń wí yìí, aago mẹ́fà àárọ̀ ló dé. Oòrùn ti yọ, adìyẹ ti ń jẹ kiri, àádọ́rùn-ún ọlọ́pàá sì ti tò sórí pápá, bàtà wọn ń dán gbinrin.

Sàmánjà ń pe nọ́ńbà. Ní báráàkì náà, nọ́ńbà lorúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba èèyàn síṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi idẹ kékeré kan sí i lọ́rùn ẹ̀wù, nọ́ńbà ara idẹ yẹn ni wọn yóò sì máa fi pè é títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Sájẹ́ǹtì ni ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, Ogójì sì ni nọ́ńbà rẹ̀. Ó ti ń jẹ́ ẹ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Àwọn ọlọ́pàá ń pè é ní Ogójì, àwọn ìyàwó báráàkì ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn ilé ìdáná sì ń pe àwọn ìbejì rẹ̀ ní ọmọ Ogójì. Tí èèyàn bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é lójú títì, ó ṣeé ṣe kó wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n ń pè.

"Ogójì!"

"Sà!"

Ó dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn, pẹ̀lú ohùn tó ń lé ẹyẹ kúrò lórí òrùlé. Sàmánjà ti pe èèyàn mẹ́ta mìíràn kí Ogójì tó gbọ́ ọ. Láti ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń kó ìbọn sí, níbi tí kò sí ẹnì kankan, ohùn òun fúnra rẹ̀ tún dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Sà."

Gbohùngbohùn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kì í sì í rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́ òun. Òtútù mú un ní ìpàkọ́. Ó yọ́jú wo Onífèrè tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, àgbàlagbà tó ń fun fèrè fún báráàkì, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pè, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Onífèrè ń yínmú sí eṣinṣin kan tó bà lé e nímú. Kò gbọ́ nǹkan kan.

*

Ọ̀rọ̀ tó fa gbogbo rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Sájẹ́ǹtì òyìnbó tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lónìí ń gba ìlọ́po mẹ́ta owó sájẹ́ǹtì dúdú tó ń mú un kiri ìgboro kó má baà sọnù. Tí ọlọ́pàá dúdú bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ méje ni wọ́n ń fún ìyàwó rẹ̀ láti palẹ̀ mọ́ kúrò nínú yàrá, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tí yóò tẹ̀ lé e.

Ti ipò àgbà ló wá burú jù. Ogójì ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó gba sàmánjà yìí rárá. Àmọ́ sàmánjà ṣe ọ́dálì fún kọmíṣọ́nà, ó gbé agbòjò lé e lórí, ó ń mú ajá rẹ̀ rìn káàkiri, nígbà tí ojú fi máa là, ó ti fo èèyàn mọ́kànlá kọjá. Bàtà-ń-ké ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí bàtà rẹ̀ kì í dákẹ́. Tó bá ku ilé mẹ́ta kó dé, àwọn ọlọ́pàá ti ń sáré de bọ́tìnnì.

Ní báyìí, òyìnbó mẹ́ta ti dé láti òkè òkun wá gbọ́ ẹjọ́, ọ̀túnla ni wọ́n máa jókòó. Àwọn ọlọ́pàá yan Ogójì pé kó jẹ́ ẹnu fún àwọn, torí ó ní ohùn, ó ní làákàyè, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Kọmíṣọ́nà kò rọ́nà kọ̀ ọ́, ó kàn fi òfin kan dè é lẹ́sẹ̀: ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn lọ́jọ́ náà. Ogójì kò bẹ̀rù òfin yẹn. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, wọn kò fẹ̀sùn kàn án rí.

Ọ̀kan nínú ohun tó fẹ́ bèèrè ni pé kí wọ́n máa fi nọ́ńbà mọ àgbà. Tí àwọn òyìnbó bá gbà bẹ́ẹ̀, Bàtà-ń-ké yóò padà sẹ́yìn rẹ̀, yóò sì máa ṣe sàlúùtù fún un láràárọ̀.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí oòrùn ti lé gbogbo èèyàn wọlé, Bàtà-ń-ké bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì yọ́ wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, táyà àti ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ ló wà níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́.

"Ṣó jẹ́ ẹ?" ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe bi í. Kò gbójú sókè.

"Ó jẹ́ ẹ, bàbá. Ketekete."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Bàtà-ń-ké wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Ìkejì wá látibi tí ò séèyàn."

"Ó dáa. Ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn."

"Bàbá, ẹ ní kí n wá orúkọ àbísọ ẹ̀ wá. Mi ò rí i o. Mo wádìí títí. Nọ́ńbà yẹn nìkan la mọ̀."

"Ṣó máa ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń jẹ́ ẹ."

"Orúkọ téèyàn bá ń jẹ́ náà lorúkọ ẹ̀. Mú nǹkan yẹn wá."

Bàtà-ń-ké tú u síta láti inú áńkáṣíìfù: awọ dúdú kékeré kan tí wọ́n rán pa, tí kò ju ìka ọmọdé lọ. Abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ló wà láàárọ̀ nígbà tó ń pe nọ́ńbà. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe mú un wọ inú òkùnkùn igun yàrá, ó sọ̀rọ̀ sí i, nǹkan kan nínú òkùnkùn yẹn sì dá a lóhùn. Bàtà-ń-ké kọ̀yìn síbẹ̀, ó ń gba ojú aṣọ ìkélé ka táyà iwájú.

"Gbà. Bíi ti òní náà ni kó o ṣe lọ́la àti ọ̀túnla. Ìpè kìíní ń ṣílẹ̀kùn, ìkejì ń gba ohùn. Ìkẹta..." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù. "Má pè é lẹ́ẹ̀kẹrin o. Ẹni tó bá pè é lẹ́ẹ̀kẹrin, ara ẹ̀ ló ń pè."

"Tí kò bá wá jẹ́ ìkẹta ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó wojú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ kọ́ ni sàmánjà ni? Kí lẹ máa ń ṣe fún ọlọ́pàá tí ò bá jẹ́ ìpè?"

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ajá báráàkì tó máa ń sin Ogójì láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dúró lókèèrè réré, ó ki ìrù bọ àárín itan. Ogójì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lórí pápá, bàtà sàmánjà ń ké bọ̀. Ó ń pe nọ́ńbà bí ẹni tó ní egbò lẹ́nu.

"Ogójì!"

"Sà," ni ohùn rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn ilé ìbọn, kí òun tiẹ̀ tó lanu rárá.

Ó sáré jẹ́ ẹ tẹ̀ lé e. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju ariwo ẹní tí wọ́n ń fà nílẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, kò lè bèèrè omi.

Ẹ̀rù bà á, kò sí à ń fi bò. Ọkùnrin tó ti fi ọwọ́ lásán gba àdá lọ́wọ́ olè rí, ó jókòó sórí ibùsùn nílé rẹ̀ tòun ti bàtà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá kọ sí àwọn òyìnbó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Àmọ́ ìwé lásán kò tó nǹkan. Ó ti rí ìwé ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta rí tí kọmíṣọ́nà ń gbé ife tíì lé lórí.

"Bàbá Ìbejì, èyí kì í ṣe ọ̀fìnkìn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó ti ń wé gèlè. "Omi gbígbóná ò lè ṣe é. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ bá àǹtí mi."

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni àǹtí náà. Yàrá rẹ̀ ń rùn fún ọṣẹ ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀dì onírin kan wà níbẹ̀, aago kan sì ń ró lára ògiri. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ nìkan ló máa ń gbà. Ìyá Ìbejì ro ẹjọ́. Agbẹ̀bí fi etí lé ọ̀fun Ogójì, ó gbọ́ ọ títí.

"Ta ló ń pè ọ́ láàárọ̀, ọmọ mi?"

"Sàmánjà." Èémí lásán ni.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti pè ọ́ látìgbà tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

Ó na ìka méjì sókè.

Agbẹ̀bí jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́. "Mo mọ ìgbà tí nǹkan bá ku ẹyọ kan, ẹyọ yẹn ló sì ń pani. Lọ́la, má dáhùn."

"Àǹtí, tí wọn ò bá dáhùn, sàmánjà á fẹ̀sùn kàn wọ́n," ni Ìyá Ìbejì sọ. "Wọn ò ní lè sọ̀rọ̀ níwájú àwọn òyìnbó yẹn mọ́. Gbogbo báráàkì ló ń wo ọwọ́ wọn."

"Ṣé òkú máa ń sọ̀rọ̀ níwájú òyìnbó ni?"

Ìyá Ìbejì fa àga rẹ̀ súnmọ́ àǹtí rẹ̀. Aago ń ró.

"Kò wá sí ẹ̀rọ̀ ẹ̀ rárá, àǹtí?"

"Ẹ̀rọ̀ wo? Ìpè yẹn ò lójú. Ohùn tó bá kọ́kọ́ jẹ́ ẹ lọ́la ló máa bá lọ. Tí ẹlòmíì bá ṣíwájú ọkọ rẹ jẹ́ ẹ, ọkọ rẹ bọ́ nìyẹn. Tó bá ti mú ẹni yẹn lọ, ohùn ọkọ rẹ á padà."

"Tó bá wá jẹ́ pé èrò ló jẹ́ ẹ pọ̀ ńkọ́?"

Agbẹ̀bí wò ó látòkè délẹ̀. "Mi ò rírú ẹ̀ rí. Bóyá ó lè rú u lójú, kó padà síbi tó ti wá. Bóyá."

Ogójì fi ọwọ́ gbá apá àga. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ mí ọ̀rọ̀ náà jáde. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi jẹ́ ẹ. Ìyá Ìbejì, ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Ilẹ̀ ló ń wò.

*

Bàtà-ń-ké jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń kọ ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀ de ọ̀la. *Nọ́ńbà Ogójì kò jẹ́ ìpè lórí pápá.* Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Déètì nìkan ló kù. Tó bá jẹ́ ìpè, ó parí. Tí kò bá jẹ́ ẹ, ó parí náà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ì bá dùn mọ́ ọn bí kì í bá ṣe ti ẹnu rẹ̀. Láti àná ni gbogbo ohun tó bá jẹ ti ń ní ìtọ́wò irin. Nígbà tó wo dígí, abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ti dú. Ó tún ń rántí ohun tí kò fẹ́ rántí: ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, tí kò mọ bàtà ọlọ́pàá dì, Ogójì ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ tó di okùn náà fún un, tó ní, "Má dààmú, àbúrò, bí gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Ojú tì í. Àmọ́ ó tún fojú inú wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń lọ síwájú orí, tó ń ṣe sàlúùtù fún ọkùnrin yẹn níṣojú àádọ́rùn-ún èèyàn, inú sì bí i gidigidi. Ó ká awọ dúdú náà sínú áńkáṣíìfù.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ogójì ti pinnu pé òun á jẹ́ ìpè náà. Ó ti fọwọ́ kan orí àwọn ìbejì níbi tí wọ́n sùn sí. Aago mẹ́fà ni ìpè, aago mẹ́wàá ni ìjókòó. Bóyá ikú á fún òun ní wákàtí mẹ́rin. Tí ohùn kò bá sí, òun á na ìwé náà sí ògbufọ̀, òun á dúró tì í títí wọ́n á fi kà á tán. Ohun tí ọkùnrin yìí ń bá ikú dúnàádúrà lé lórí nìyẹn, wákàtí mẹ́rin péré.

Kọmíṣọ́nà fúnra rẹ̀ wà lórí pápá, ó gun ẹṣin, ó fi ọ̀pá sábẹ́ abíyá. Bàtà sàmánjà ń ké. Ó pe ọgbọ̀n, ó pe márùndínlógójì. Ètè rẹ̀ ti dú bí ẹni tó mu aró. Ó dúró díẹ̀, ó wo Ogójì lójú, ó sì tètè gbé ojú kúrò.

"Ogójì!"

Ogójì fa èémí sínú. Kó tó tú u jáde, ẹnì kan kígbe lẹ́yìn rẹ̀, ohùn náà ròkè bíi fèrè.

"Sà!"

Onífèrè ni. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo pápá ti gbà á.

"Sà!"

Àádọ́rùn-ún ọkùnrin ni wọ́n figbe ta. Ẹṣin kọmíṣọ́nà gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè. Ogójì yíjú, ó sì rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́bàá okùn ìsáṣọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìgbà yẹn ló yé e.

Kọmíṣọ́nà bèèrè pé irú wèrè wo lèyí, pé ṣé Ogójì wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀, pé kí sàmánjà tún un pè. Bàtà-ń-ké dúró gbagidi. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó rántí ohun tí wọ́n sọ fún un nípa ìpè kẹrin.

"Ó wà níbí, sà," ló sọ. "Ó jẹ́ ẹ, sà."

Báyìí ni ẹ̀sùn fò kọjá. Nígbà tí gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́, ohùn kan dáhùn jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn ilé ìbọn. Kì í ṣe ohùn Ogójì mọ́. Ohùn àgbàlagbà ni. Ogójì àti sàmánjà nìkan ló gbọ́ ọ, wọ́n sì wo ara wọn.

Bí wọ́n ṣe túká, Ogójì sáré di Onífèrè lápá mú. "Kí lẹ jẹ́ ẹ sí?" ló mí jáde.

"Ìyàwó ẹ ló wá bá mi lánàá." Onífèrè ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọ tó tan olùkọ́ rẹ̀ jẹ tí wọn ò mú. "Ó ní ohùn rẹ ti lọ, pé wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ká ọ mọ́. Ni mo bá lọ láti yàrá dé yàrá pé ká jọ jẹ́ ẹ. Ìyẹn náà tún tó nǹkan?"

"Ṣó sọ fún yín..."

"Sọ kí ni?"

Ogójì wo ojú ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, kì í sì í ṣe oògùn ló dá a dúró. Bóyá ó ti rú u lójú. Bóyá ó ti padà síbi tó ti wá. Kí ló dé tí èèyàn á fi dẹ́rù ba àgbàlagbà lásán?

"Kò sí nǹkan kan," ló wí.

"Lọ bá wa sọ̀rọ̀ wa, jàre," ni Onífèrè sọ, ó sì gbéra lọ nu fèrè rẹ̀.

*

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́wàá lù, Ogójì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú ìwé lọ́wọ́. Ó mu omi, ó wúkọ́, ohùn rẹ̀ sì jáde láti àyà, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó sọ "ẹ káàárọ̀" sí ògiri, ògiri gbọ̀n. Ayọ̀ gbá a mú. Ó rẹ́rìn-ín sókè, òun nìkan, kó tó rántí ohun tí agbẹ̀bí sọ nípa ìgbà tí ohùn náà máa padà.

Kọ́ńsítébù kan ló sáré wọlé. Ó ní Onífèrè gbé fèrè sẹ́nu láti fi kí àwọn òyìnbó káàbọ̀. Ó fa èémí sínú. Èémí náà kò jáde mọ́.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí aṣojú àwọn ọlọ́pàá wọlé. Bàtà-ń-ké ló di ilẹ̀kùn mú. Omijé wà lójú rẹ̀, àbí òógùn ni, Ogójì kò dúró wò ó.

Àwọn òyìnbó mẹ́ta jókòó lẹ́yìn tábìlì gígùn, kọmíṣọ́nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ògbufọ̀ sì dúró. Ogójì fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, kò ṣí i.

"Ọlọ́pàá kan kú lórí pápá yín nísinsìnyí," ló sọ. Ohùn rẹ̀ kún yàrá náà. "Ọdún méjìlélógún ló fi sìn yín. Ìyàwó ẹ̀ ò tíì gbọ́. Tó bá gbọ́, ọjọ́ méje lẹ máa fún un kó fi kó jáde. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ògbufọ̀ tú u. Àgbà nínú àwọn òyìnbó náà mú kálàmù, ó bèèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Wọ́n ní kí lorúkọ ẹ̀?" ni ògbufọ̀ wí.

Ogójì lanu. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Onífèrè nìkan ló mọ̀ pé ó ń jẹ́. Ó wo kọmíṣọ́nà, kọmíṣọ́nà sì wo sàmánjà.

"Mẹ́tàlá, sà," ni Bàtà-ń-ké wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Nọ́ńbà nìyẹn," ni ògbufọ̀ sọ. "Orúkọ ni wọ́n ń bèèrè."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú yàrá náà. Kálàmù òyìnbó dúró lójú afẹ́fẹ́, ó ń dúró dè wọ́n.

"Ẹ kọ Ogójì," ni Ogójì sọ. "Orúkọ yẹn ló jẹ́ kẹ́yìn."

Òyìnbó náà kọ ọ́.